Ẹsẹ̀ Ni A Fi Ń Wá Àlàáfíà Kérésì

Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ olùṣọ́ ìjọ rí ní abúlé lè rò pé oṣù kejìlá ni ara máa ń tù wá jù. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Oṣù kejìlá ni ẹjọ́ máa ń pọ̀ jù lọ lọ́wọ́ wa. Àwọn tó wà ní Èkó ti ń múra àtibọ̀ wálé. Àwọn tó wà lóko ti ta àgbàdo, wọ́n ti ta gàrí, owó ti wọlé, ọ̀rọ̀ bí wọn yóò ṣe pín in sì ti délẹ̀. Ẹni tó yáwó ra ajílẹ̀ nígbà òjò ti ń fi ẹ̀yìnkùlé ṣe ọ̀nà nítorí ẹni tó yá a lówó. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí wọn ò fojú kan ara wọn láti ọdún Àjíǹde yóò wá bára wọn nínú iyàrá kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bàbá wọn yóò sì wà láàárín wọn lórí ẹní. Níta, àwọn ọmọdé ń yin nọ́káòtù, wọ́n ń kọrin ìbí Jésù.

Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí ní àwọn abúlé agbègbè Ìjàyè, láti ìgbà tí ọkọ̀ ti máa ń rì sínú kòtò lójú ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìṣẹ́yìn. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé àlàáfíà tí à ń wàásù rẹ̀ lásìkò Kérésì kì í wá bá ènìyàn lórí ìjókòó. Ẹsẹ̀ la fi ń wá a, ilé ẹni tí a ń bá ṣọ̀tá gan-an la sì ń wá a lọ.

Bóyá ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ ló jẹ́ kí n máa rò ó báyìí. Ìlú Ìjàyè, ogun ló pa á run rí. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859, tí wọ́n fi Adélù, Àrẹ̀mọ rẹ̀, jọba, Kúrunmí tó jẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní Ìjàyè yarí. Ó ní Àrẹ̀mọ ní í bá ọba kú, kì í jọba lẹ́yìn rẹ̀. Ìbàdàn dúró lẹ́yìn Adélù. Ogun bẹ́ ní 1860, Balógun Ìbíkúnlẹ̀ àti Ògúnmọ́lá kó ogun Ìbàdàn tì í, wọ́n dí ọ̀nà oúnjẹ, ìyàn sì mú nínú ìlú débi pé àwọn òbí ń fi ọmọ tọrẹ kí ọmọ náà má baà kú. Kúrunmí kú ní 1861 lẹ́yìn tí ogun ti pa nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún 1862, Ìjàyè ṣubú, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì fọ́n ká.

Ohun tí a kì í sábà rántí ni pé ìgbàgbọ́ ti wà nínú ìlú náà kí ìbọn tó dún. Láti 1853 ni Thomas Jefferson Bowen, ọmọ Amẹ́ríkà, ti dá ibùdó àwọn Onítẹ̀bọmi sílẹ̀ níbẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni Adolphus Mann ti ẹgbẹ́ ajíhìnrere C.M.S. (Church Missionary Society) wá jókòó sí Ìjàyè. Ní Kúdẹtì ní Ìbàdàn, David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ ló wà níbẹ̀, C.M.S. kan náà ló rán wọn. Ọmọ Jámánì ni Mann, ọmọ Jámánì ni Hinderer. Èkíní ń tọ́jú àwọn tí ìbọn bà ní Ìjàyè. Èkejì jókòó sáàárín ìlú tó ń yin ìbọn náà, ebi ń pa òun àti àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nítorí pé ọ̀nà tó lọ sí etí òkun ti dí. Kérésì méjì ló bá wọn bẹ́ẹ̀, ti 1860 àti ti 1861. Mo máa ń bi ara mi léèrè ohun tí oníwàásù lè sọ lórí pẹpẹ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó ń pa ará ìjọ rẹ̀, ará ìlú tí alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ń wàásù fún ni.

Agbára wọn kò ká a láti dá ogun dúró. Ohun tí agbára wọn ká ni wọ́n ṣe. Àwọn Onítẹ̀bọmi méjì, Phillips àti Stone, gba àwọn ọmọ tí ìyàn ti lé kúrò lẹ́sẹ̀ òbí wọn sọ́dọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó sá àsálà lọ tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta, ibi tí Àgọ́-Ìjàyè wà títí dòní. Ẹni tó bá sọ pé àlàáfíà kì í sí nínú ogun, kó wo àwọn ọmọ wọ̀nyẹn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tún wà ní Kúdẹtì lásìkò náà, Samuel Johnson, ẹni tó wá kọ ìwé ìtàn Yorùbá lẹ́yìn ọ̀la. Ó gbọ́ ìró ogun Ìjàyè, ó dàgbà sínú ogun mìíràn, ó di àlùfáà. Nígbà tí ogun Kírìjì kò fẹ́ tán, òun àti àlùfáà Charles Phillips ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ibùdó Ìbàdàn àti ti Èkìtìparapọ̀ títí wọ́n fi fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1886. Pẹ̀lú ìyẹn náà, ó di 1893 kí ogun Ọ̀fà tó tán láàárín Ìbàdàn àti Ìlọrin. Ìwé fífọwọ́sí kì í parí ìjà. Èmi tí mo ti rí ìwé àdéhùn ilẹ̀ tó pọ̀ bí ewé lè jẹ́rìí sí i.

Nígbà tí mo dé agbègbè yìí, àṣà kan wà tó jẹ́ pé mo bá a nílẹ̀ ni. Bí ìkórè bá ti kọjá ní oṣù kọkànlá, Ìyá Ìjọ àti díákónì àgbà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí ilé ká lálẹ́. Wọn kì í mú Bíbélì dání, wọn kì í sì í pè é ní ìpàdé. Wọ́n á ní àwọn kàn yà kí yín ni. Bí wọ́n bá ti mu omi tán, tí wọ́n ti béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ àti ewúrẹ́, Ìyá Ìjọ á wá sọ ọ́ bí ẹni tó ṣèèṣì rántí pé, “Ìwọ àti ìyàwó ilé kejì, ṣé ẹ ti ń kí ara yín?” Ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Ẹni tó bá ń bá ènìyàn ṣọ̀tá kì í jẹ Oúnjẹ Olúwa oṣù kejìlá, gbogbo ìjọ ló sì máa rí i bí wọ́n bá gbé e dé iwájú rẹ̀ tí kò mú. Ojú máa ń ti ènìyàn, ó sì dára kó tì í. Àwọn àgbà á ní, “Bí a bá ń jà, bí í ká kú kọ́.”

Ẹjọ́ kan wà nínú irú ìyẹn tí kò kúrò lọ́kàn mi. Ọmọ ìyá méjì ni wọ́n, ìjọ kan náà ni wọ́n ń lọ. Nígbà tí ibùdó ọkọ̀ ojú irin dé Mọ́níyà, tí ìjọba sì tún ọ̀nà Ìṣẹ́yìn ṣe, ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í bojú wò di wúrà. Àbúrò ta apá kan nínú oko bàbá wọn fún ará Èkó kan. Àwọn awọnlẹ̀ dé, wọ́n hú pèrègún tí bàbá wọn fi pààlà, wọ́n ri òpó sìmẹ́ńtì mọ́lẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n máa dé oko, pèrègún ti wà nílẹ̀ gbalaja, gbòǹgbò wọn ti gbẹ. Kò bá àbúrò jà. Ó di àwọn pèrègún náà ní ìdì kan, ó rù ú wálé, ó gbé e ti ara ògiri níbi tí àbúrò á ti máa rí i ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi bó bá ń lọ sílé ìsìn. Ibẹ̀ ló sì wà.

A pe mọ̀lẹ́bí, a pe baálẹ̀. Àbúrò ní òun á fún ẹ̀gbọ́n ní ìdajì owó. Ẹ̀gbọ́n ní kó jẹ owó rẹ̀. Kérésì ti kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà tí Ìyá Ìjọ, tí kò mọ̀wé rárá, béèrè ohun tí kò wá sọ́kàn àwa tí a kàwé. Ó ní, “Bàbá, kí lẹ fẹ́ kó ṣe gan-an?” Ẹ̀gbọ́n dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Kó wá sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ pé òun mọ̀ pé ọwọ́ bàbá wa ló gbìn ín.” Kò ju ìyẹn náà lọ. Alẹ́ ọjọ́ náà ni àbúrò wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sẹ́nu ọ̀nà. “Bọ̀ọ̀dá mi, mo mọ̀ pé ọwọ́ Bàbá ló gbìn ín, n kò sì bi yín kí n tó jẹ́ kí wọ́n hú u. Ẹ má bínú.” Ẹ̀gbọ́n ní, “Dìde, o ti fi aṣọ Kérésì gbá ilẹ̀ ilé mi tán.” Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ilẹ̀ náà ò padà o. Ẹni tó rà á ti mọ ògiri yí i ká.

Àwọn kan á ní kóòtù ì bá ti yanjú ẹ̀. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Adájọ́ lè mọ ẹni tó jàre ilẹ̀, kò lè mọ̀ pé ìdì pèrègún kan wà lára ògiri.

Kí n tó máa yin àtijọ́ kọjá bó ṣe yẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí kò dára nínú rẹ̀. Àlàáfíà tí a fi ipá mú wà níbẹ̀ dáadáa. Obìnrin kan wá sọ́dọ̀ àwọn àgbà ìjọ ní ọ̀sẹ̀ Kérésì, apá rẹ̀ wú, ọkọ rẹ̀ ló lù ú. Àwọn àgbà ní kó kúnlẹ̀ bẹ ọkọ rẹ̀ kí ọdún má baà dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́, pé ẹjọ́ tó kù di oṣù kìíní. Ó kúnlẹ̀. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n ṣe àmín, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìjà ti parí. Ọdún tuntun ò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé bàbá rẹ̀, kò sì padà wá sí ìjọ wa mọ́ láéláé. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹni tí wọ́n lù ni wọ́n ní kó tọrọ àforíjì, wọ́n wá ń bínú pé kò dúró. Bí olùṣọ́ ìjọ bá rí irú ìyẹn, iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe láti bá wọn parí ìjà kí ìrẹsì tó jinná. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rí i pé obìnrin náà sùn síbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò ti ní tẹ̀ ẹ́.

Olúwa wa sọ ọ́ nínú ìwàásù rẹ̀ lórí òkè pé bí ènìyàn bá gbé ọrẹ dé pẹpẹ, tó wá rántí pé arákùnrin òun ní ohun kan sí òun nínú, kó fi ọrẹ sílẹ̀ kó kọ́kọ́ lọ. Ẹ kíyè sí ẹni tí ó rán. Kì í ṣe ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ ni. Àwọn baba wa náà mọ ìdí rẹ̀ tí wọ́n fi ní ẹni tó ṣu a máa gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Nínú ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tí mo bá wọn dá sí, ẹni tó ń bínú ni a máa ń lọ bá pé kó ṣe sùúrù, kó fi ti Ọlọ́run ṣe. Ẹni tó dá a sílẹ̀ wà nílé rẹ̀, ó ń já ìyẹ́ adìyẹ ọdún.

Ní báyìí, ìrìn alẹ́ àwọn àgbà ti fẹ́ẹ̀ dópin. Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn burú ju ti ìṣáájú lọ. Ètò ló pọ̀. Alẹ́ orin Kérésì, ọjọ́ àwọn ọmọdé, ọjọ́ ìdúpẹ́ ẹgbẹ́ akọrin, ọjọ́ àwọn obìnrin, ìsìn àìsùn. Ètò kọ̀ọ̀kan ló ní aṣọ tirẹ̀, ẹni tí kò bá rí owó aṣọ náà san á jókòó sílé, ẹ ò sì ní mọ̀ bóyá ìbínú ni tàbí àìlówó. Díákónì tó yẹ kó máa yí ilé ká wà nídìí jẹnẹrétọ̀. Ìyá Ìjọ ń pín ìrẹsì. Olùṣọ́ ìjọ fúnra rẹ̀, bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́, oorun ló ń wá. Fóònù náà ti dé, àwòrán òdòdó pupa tí wọ́n kọ ìkíni ọdún sí ni ènìyàn ń fi ránṣẹ́ sí igba ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀tá rẹ̀ sì lè wà nínú wọn láìmọ̀. N kò kórìíra fóònù. Mo mọ ọmọ kan tó ti òkè òkun pe ìyá rẹ̀ ní òru Kérésì lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí wọn ò sọ̀rọ̀. Bí kò bá sí fóònù, ìyá yẹn ì bá ti kú pẹ̀lú ẹ̀dùn yẹn. Ṣùgbọ́n ó pè é ni, kò fi àwòrán òdòdó ránṣẹ́ sí i.

Ohun kékeré kan tún wà tí àwọn ọ̀dọ́ á fi mí rẹ́rìn-ín bí mo bá sọ ọ́. Abọ́ tánńganran. Láyé ìgbà yẹn, abọ́ tánńganran onídèérí la fi ń gbé oúnjẹ ọdún ránṣẹ́ sílé aládùúgbò. Abọ́ yẹn gbọ́dọ̀ padà. Ẹni tó fẹ́ dá a padà á fọ̀ ọ́, á fi ẹyin mẹ́ta tàbí ìwọ̀n iyọ̀ díẹ̀ sínú rẹ̀, á sì gbé e wá fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ á tún délẹ̀. Mo ti rí ìjà tó jẹ́ pé abọ́ ló parí rẹ̀, nítorí ẹni méjì tí kò fẹ́ rí ara wọn kò mọ bí àwọn ṣe máa ṣe abọ́ náà sí. Ike tékàwéè la ń lò báyìí. Wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á jù ú sí àkìtàn, ó parí síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fífúnni yìí ti wá di ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejìlá ọdún 2024, ní Baṣọ̀run ní Ìbàdàn, ọmọ 35 ló kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ níbi àríyá ọmọdé tí wọ́n ti ṣèlérí ẹ̀bùn. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ní Àbújá àti ní Òkìjà ní ìpínlẹ̀ Anambra, àwọn tó wá gba oúnjẹ ọdún náà tún kú bẹ́ẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí Kérésì ò tíì dé. Kì í ṣe tèmi láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi níbí, àwọn òbí yẹn kò sì nílò ìwàásù mi. Ohun tí mo lè sọ láti inú iṣẹ́ mi ni pé ebi wà nílùú, ẹni tó bá pe ebi jọ sí ojú kan gbọ́dọ̀ mọ ohun tó pè. Ní abúlé wa, a mọ ilé tí wọn kò ti dáná láti àná. Ẹ̀bùn tó bá rìn lọ sílé ènìyàn kì í tẹ ọmọ pa.

Ti àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ Mùsùlùmí ńkọ́? Ní ilẹ̀ Ìbàdàn, ó ṣòro kí o rí agboolé tí kò ní Kristẹni àti Mùsùlùmí. Ẹran Iléyá wọn ń wọlé tọ̀ wá, ìrẹsì Kérésì wa ń jáde tọ̀ wọ́n. Láìpẹ́ yìí ni àwọn ọ̀dọ́ oníwàásù kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kí Kristẹni má jẹ ẹran Iléyá mọ́. Mo gbọ́ ẹ̀rí wọn, mo mọ ibi tí wọ́n ti yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó, àwa tí a ń gbé orí ilẹ̀ tí ogun ti sọ di ahoro rí kò yẹ kí á máa wá ọfà kiri. Bí ẹ̀rí ọkàn rẹ bá kọ ẹran náà, gbà á pẹ̀lú ọpẹ́, kí o fún ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Má dá abọ́ padà pẹ̀lú ẹran nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn darandaran ló le jù. Ẹ̀ẹ̀rùn ni Kérésì ń bọ́ sí, ìgbà yẹn gan-an ni màlúù ń wọ oko ẹ̀gẹ́. Alàgbà kan nínú ìjọ wa pàdánù oko rẹ̀ lóru ọjọ́ kan. Àwọn ọ̀dọ́ ti pọ́n àdá. Alàgbà náà ní kí wọ́n jókòó, òun àti baálẹ̀ lọ bá Séríkí àwọn Fúlàní, wọ́n lọ wo oko pa pọ̀, wọ́n ka ebè, wọ́n dá iye owó lé e. Owó náà ò pé, ṣùgbọ́n ó wọlé kí Kérésì tó dé. Lọ́jọ́ ọdún, igbá wàrà kan dé ilé Alàgbà. Ìyàwó rẹ̀ kò fẹ́ fọwọ́ kàn án, n kò sì bá a wí, nítorí òun ló gbin ẹ̀gẹ́ náà. Alàgbà jẹ ẹ́. Màlúù tún wọ oko lọ́dún kejì, àmọ́ wọ́n ti mọ ilé ara wọn, ẹnikẹ́ni ò sì pọ́n àdá.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ olùṣọ́ ìjọ bíi tèmi, ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀ yín. Ẹ yọ ètò kan kúrò nínú ètò oṣù kejìlá yín, èyíkéyìí tó bá wù yín, ẹ fi alẹ́ ọjọ́ náà sílẹ̀ kí àwọn àgbà yín lè yí ilé ká. Ẹ má gbé ẹ̀rọ agbóhùnsókè lọ, ẹ má sì ya fọ́tò. Ìwọ tó ń ka èyí náà, tí orúkọ ẹnì kan ti sọ sí ọ lọ́kàn láti ìgbà tí o ti bẹ̀rẹ̀, tí o mọ̀ pé ìwọ lo ṣẹ̀ ẹ́, má rán ẹnikẹ́ni sí i. Dìde, lọ sílé rẹ̀ kí ọjọ́ 25 tó pé.